Wákàtí kọ́ ló wọ́n wa, okun ni

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá rẹ̀. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ṣètò àkókò rẹ̀, èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti pín ọjọ́ sí wákàtí-wákàtí, láti aago 5 ìdájí títí di aago 10 alẹ́, tí ó sì fi iṣẹ́ kan ti wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ètò náà dùn ún wò lójú ìwé. Mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, ọjọ́ ni yóò máa lé kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àpilẹ̀kọ náà kò mẹ́nu bà rárá, òun ló sì mú mi gbé kálàmù. Òǹkọ̀wé náà ka gbogbo wákàtí sí ọgbọọgba, bí ẹni pé orí àti ojú tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní aago 9 àárọ̀ náà ni a ó tún fi ṣe é ní aago 3 ọ̀sán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára aago ògiri, wákàtí kan kò ju ìkejì lọ; nínú ara ènìyàn, wákàtí kan lè tó mẹ́ta òmíràn.

Iṣẹ́ ìwé owó ni mo ń ṣe, mo sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀. Ní ìparí oṣù kan, ìwé wa kọ̀, kò bálánsì. Iye tí ó wà ní apá kan fi 1,800 ju ti apá kejì lọ. Aago 3 ọ̀sán ni mo rí àṣìṣe yìí, láti aago 8 àárọ̀ ni mo sì ti jókòó tí n kò dìde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo fi ìka tọ ojú ìwé lókè lódò, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà mẹ́rin, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì rí, èyí tí ó yẹ kí ó ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìwé ni kò yá, èmi gan-an ni. Nígbà tí aago 9 alẹ́ lù, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo pa ìwé dé, mo sì bínú lọ sùn. Ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì jókòó dáadáa tí ohun kan tí gbogbo akọ̀wé owó ti mọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ fi sọ sí mi lọ́kàn: bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, wá ibi tí nọ́ńbà méjì ti pàrọ̀ ààyè. Bí a bá fi 9 pín 1,800, a ó rí 200, kò ṣẹ́ kù. 200 yẹn sọ fún mi pé nọ́ńbà méjèèjì fi 2 ju ara wọn lọ. Mo wá ibi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ lé ara wọn, ó sì wà níbẹ̀: 6,840 ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí, 8,640 ni èmi kọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ohun tí mo fi odidi wákàtí mẹ́fà wá tì lánàá, tí mo sì mọ ọgbọ́n rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn! Èyí tí ó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kọ̀ǹpútà ti kọ àkókò tí mo ṣe àṣìṣe náà sára rẹ̀: aago 2 ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 50.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ìwé pélébé kan tí ó lè wọ àpò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ní gbogbo wákàtí méjì-méjì, mo ń fún ara mi ní máàkì láti orí 1 dé orí 5. Ẹyọ kan túmọ̀ sí pé mo ń ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi. Márùn-ún túmọ̀ sí pé mo gbàgbé pé aago wà. N kò kọ ohun mìíràn mọ́ ọn ju àkókò tí mo sùn, àkókò tí mo jí àti àkókò tí mo jẹun. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwòrán náà fi hàn. Láàárín aago 7 sí 11 òwúrọ̀, mẹ́rin àti márùn-ún ló kún ibẹ̀. Láti aago 1 ọ̀sán ó ń wálẹ̀. Ní aago 3, méjì ni, ó sì máa ń já sí ẹyọ kan nígbà mìíràn. Bí ó bá di nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́, ara á tún jí díẹ̀, á dé orí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kò ní gòkè mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Mo wá wo ohun tí mo ń fi àwọn wákàtí mẹ́rin òwúrọ̀ yẹn ṣe láti ọdún yìí wá: mo ń fèsì lẹ́tà, mo ń ka ìròyìn lórí fóònù, mo ń jókòó ní ìpàdé. Ọ̀sán ni mo ń fi ìṣirò tí ó le sí, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀. Èyí tí ó dára jù lọ nínú okun mi ni mo ń ná sórí ohun tí kò nílò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àkókò tèmi yìí wọ ara rẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí a jọ ń lo yàrá kan náà, tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè ní aago 8 àárọ̀, ẹ ó kábàámọ̀ rẹ̀. Láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ ni ojú rẹ̀ máa ń là, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe nígbà náà kò lábùkù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń pè é ní ọ̀lẹ, èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe dá a ni. Aago kan wà nínú ara olúkúlùkù, ó wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ó bá wọ ojú ló sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Nínú àwọn kan ó máa ń tètè yí, nínú àwọn mìíràn ó máa ń fà sẹ́yìn, ọjọ́ orí sì máa ń sún un: àwọn ọ̀dọ́ ń sùn pẹ́, àwọn àgbà ń jí kùtùkùtù. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí wọ́n ṣàwárí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ara eṣinṣin kéékèèké tí ń bà lé èso ni wọ́n sì ti rí i.

Aago náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìwé ètò ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1938, Nathaniel Kleitman, ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí oorun, wọ inú ihò àpáta Mammoth Cave ní Kentucky lọ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bruce Richardson. Ọjọ́ 32 ni wọ́n fi gbé inú òkùnkùn náà, níbi tí oòrùn kò ti lè sọ fún wọn pé ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ọjọ́ kan di wákàtí 28. Ara akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà á. Ti ọ̀gá rẹ̀, tí ó fi nǹkan bí ogún ọdún jù ú lọ, kò gbà. Wákàtí 24 tí ó ti ń tẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ náà ló ń tẹ̀ lé títí wọ́n fi jáde. Mo máa ń rántí bàbá yìí nígbàkigbà tí mo bá rí ìwé ètò tí ó ní kí gbogbo ènìyàn jí ní aago 5. Bí ẹni tí ó ní ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó tún sá pamọ́ fún oòrùn, kò bá rí ara tirẹ̀ rọ̀, àwa tí a kàn gé ètò jáde nínú ìwé ìròyìn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi àárẹ̀ ọ̀sán ru oúnjẹ. Òótọ́ ni pé àjẹyó bámúbámú ń dá kún un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ nǹkan kan ní ọ̀sán náà á ṣì rí i pé ojú òun ń wúwo láàárín aago 1 sí 4. Ohun méjì ló ń pàdé nígbà náà. Èkíní ni aago inú ara tí ó dẹwọ́ díẹ̀. Èkejì ni pé láti ìgbà tí a ti jí ni ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní adenosine ti ń kó jọ sínú ọpọlọ; bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ṣe ń kùn wá, oorun nìkan ló sì ń gbá a mọ́. Kọfí àti tíì kì í gbá a mọ́. Ńṣe ni caffeine inú wọn máa ń lọ jókòó sí ààyè tí adenosine ì bá jókòó sí, tí ọpọlọ kò fi ní gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Adenosine ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí caffeine bá dìde, gbogbo rẹ̀ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Okun àwìn ni mo máa ń pè é. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún, èmi náà ń mu ife kan lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n caffeine máa ń pẹ́ lára: nǹkan bí wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí a bá mu ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú aláboyún. Nítorí náà, ife tí a fi lé àárẹ̀ lọ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni yóò jí oorun òru wa gbé, àìsùn òru ni yóò sì mú kí a tún wá ife mìíràn lọ́la.

Mo fẹ́ padà sí ètò aago 5 sí aago 10 yẹn, nítorí mo ka wákàtí inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ti wà lójúfò fún wákàtí 17 gbáko kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1997, onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Drew Dawson àti Kathryn Reid, ṣe ìdíwọ̀n bí ọwọ́ àti ojú àwọn ènìyàn ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí i láìsùn, wọ́n sì fi wé ìgbà tí wọ́n fún wọn ní ọtí mu. Lẹ́yìn wákàtí 17, ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí ti ń ṣe bí ẹni tí ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn wa ọkọ̀. Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ náà fi sí wákàtí tí ó kẹ́yìn ni pé kí a yẹ àkọsílẹ̀ owó wa wò! Ẹ dákun, kí ẹ má ṣe ìyẹn. Bí a bá sì sùn ní aago 10, tí a tún jí ní aago 5, oorun wa kò ní tó àfi bí ó bá gbé wa lọ lọ́gán tí orí kan ìrọ̀rí, nítorí wákàtí méje, ó kéré tán, ni àwọn oníṣègùn oorun ń sọ pé kí àgbàlagbà máa sùn lóru.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Àwọn bàbá wa sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì parọ́. Wọn kò sọ pé àìsùn ni oògùn ìṣẹ́. Àwọn ìjọba tí wọ́n wá èrè lójú méjèèjì ti gbìyànjú àìsinmi rí, wọ́n sì ka ohun tí ó tìdí rẹ̀ jáde. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nígbà tí ọta ìbọn wọ́n Bìrìtìkó bí ojú, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú láìsinmi, àwọn mìíràn sì ń ṣe tó wákàtí 70 lọ́sẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 1915 láti wo ìlera wọn. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé níbi tí wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ kù, iye ọta tí ó ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ní ibòmíràn ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí John Pencavel ti Yunifásítì Stanford tún yẹ àwọn àkọsílẹ̀ náà wò ní ọdún 2014, ó rí i pé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 50 lọ́sẹ̀, ohun tí wákàtí tí ó bá tún lé ń mú wá kéré sí i, débi pé ẹni tí ó ṣe wákàtí 70 kò fi bẹ́ẹ̀ mú ohun jáde ju ẹni tí ó ṣe 56 lọ. Wákàtí mẹ́rìnlá, lófo. Ara sì ń san ju ìyẹn lọ: Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò jáde ní ọdún 2021 pé iṣẹ́ wákàtí 55 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fa ikú àwọn ènìyàn 745,000 ní ọdún 2016, nípasẹ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí kò ní idán nínú. Iṣẹ́ tí àṣìṣe inú rẹ̀ lè kó mi sí wàhálà, aago 7 sí 10 òwúrọ̀ ni mo ń ṣe é, fóònù á sì wà nínú àpótí tábìlì, kì í ṣe lórí tábìlì, nítorí bí mo bá rí i, ọwọ́ mi á lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé kí n wo ìsọfúnni kan fún ìṣẹ́jú kan, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò lè pa nǹkan kan lára. Ìwádìí Sophie Leroy ní ọdún 2009 ló là mí lójú pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sórí òmíràn, apá kan nínú ọkàn wa máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn sórí ti àkọ́kọ́, a ó sì fi ìyókù ṣe èkejì. Ìṣẹ́jú kan yẹn ń gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí ó bá di aago 2 ọ̀sán, èmi kì í bá ara mi jà mọ́. Ìgbà náà ni mo ń to fáìlì, tí mo ń fèsì lẹ́tà, tí mo ń pe àwọn tí mo ní láti pè, àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé bí mo bá ṣì wọ́n ṣe, mo lè tún wọn ṣe láìsí ariwo. Bí àyè bá sì wà, mo máa ń fi orí lé tábìlì fún ogún ìṣẹ́jú. Aago ìdágìrì ni mo ń yí sí i, nítorí ẹni tí ó bá sùn kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò wọ inú oorun àsùnwọra, bí ó bá sì jí níbẹ̀, orí rẹ̀ á wú ju bí ó ti rí kí ó tó sùn lọ. Nígbà tí kò bá sí àyè oorun, mo máa ń jáde rìn nínú oòrùn, ìyẹn náà ń ṣe díẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló lè yan àkókò tirẹ̀. Ìyá tí ọmọ ọwọ́ ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru, tàbí nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, tí ó ń ṣe ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ètò. Ìrànlọ́wọ́ ló nílò. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ìpàdé aago 9 àárọ̀ tí ẹ máa ń pè, tí a ó fi wákàtí méjì gbọ́ ohun tí a lè kà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí wo ni ẹ rò pé ó ń jẹ? Wákàtí tí orí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa mú jù lọ ni. Ẹ gbé ìpàdé lọ sí ọ̀sán, kí ẹ jẹ́ kí á tòògbé níbẹ̀, ó sàn ju kí á tòògbé lórí ìwé owó yín lọ. Ẹ sì má ṣe fi ẹni tí ó kẹ́yìn jáde ní ọ́fíìsì ṣe òṣìṣẹ́ tí ó dára jù. Lọ́jọ́ tí mo wá 1,800 títí di aago 9 alẹ́, ọ̀gá mi kọjá, ó sì kí mi kú iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn sí mi gan-an. Lọ́jọ́ kejì tí mo rí i ní ìṣẹ́jú 11, kò sí níbẹ̀.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ fò. Àárẹ̀ kan wà tí ètò kò lè wò. Ẹni tí ó ń sùn tó, tí ó sì ń jí bí ẹni tí wọ́n lù, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, kí ó lọ rí dókítà, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, ìdààmú ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid náà lè fà á. Ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá sì sọ fún un pé ó máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ á sì dúró díẹ̀ kí ó tó tún mí, kí ó má fi ṣe ẹ̀rín. Oorun ẹni bẹ́ẹ̀ ń já lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan láìmọ̀ fún un. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ló ti jẹ wọ́n tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ èyí, tí wọ́n ń pè ní burnout, sínú ìwé tí ó fi ń to àwọn àìsàn ní ọdún 2019. Wọn kò pè é ní àrùn. Wọ́n ní ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ tí ó pẹ́ tí a kò sì bójú tó máa ń bí ni. Mo kíyè sí i pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n dárúkọ.

Olóòtú Àgbà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé náà fi àlàfo kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè kọ iye okun tirẹ̀ sí i, láti 1 dé 5, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó pinnu ohun tí yóò fi síbẹ̀. Aago 2 ọ̀sán ti fẹ́ lù báyìí, mo sì rí i pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. N kò ní tún lẹ́tà yìí kà lónìí. Òwúrọ̀ ọ̀la ni n ó yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé owó kan tí ó ń ka ìwé ìròyìn yín.